Roy Francis: agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n tà, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n wò kọ́ṣẹ́

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ọba Charles fi oyè Sir dá Billy Boston lọ́lá. Láti ọdún 1895 tí rọ́gbì líìgì ti wà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kan tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ti fún àwọn oníkíríkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, àwọn ará Wigan àti Hull ṣáà ń wò wọ́n níran. Boston, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà, ọmọ Cardiff tó gba tráì 478 wọlé fún ẹgbẹ́ Wigan (tráì ni pé kéèyàn gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àwọn ọ̀tá, kó fi kanlẹ̀), tọ́ sí i, kò sẹ́ni tó jiyàn.

Àmọ́ adúláwọ̀ mìíràn láti Wales ti ṣíwájú Boston dé Wigan. Ẹgbẹ́ náà lò ó fúngbà díẹ̀, wọ́n tà á dànù. Roy Francis lorúkọ rẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí bọ́ọ̀lù gbígbá ni mo ṣe ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló fà á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà lónìí, tí gbogbo wa rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló kọ́kọ́ hàn lọ́wọ́ ọkùnrin yìí.

Fún ẹni tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan mọ́ lára, eré méjì ni rọ́gbì. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ìjà owó ló pín wọn níyà. Àwọn tó ń gbá a ní Yorkshire àti Lancashire nígbà náà jẹ́ awakùsà, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ àti àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé lọ gbá bọ́ọ̀lù, owó ọjọ́ yẹn ti wọgbó nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ ìhà àríwá ní àwọn máa san án padà fún wọn. Àwọn ọ̀gá eré ní ìhà gúúsù, tí ebi owó ọ̀sẹ̀ kò pa rí, yarí kanlẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 1895, àwọn ẹgbẹ́ àríwá pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì George ní Huddersfield, wọ́n sì ya tiwọn sọ́tọ̀. Ní 1906 wọ́n dín agbábọ́ọ̀lù kù láti 15 sí 13, wọ́n sì ṣe é lófin pé ẹni tí wọ́n bá dá mọ́lẹ̀ yóò dìde, yóò fi ẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, eré yóò sì máa lọ. Union ni wọ́n ń pe ti àtijọ́, league ni wọ́n ń pe tuntun. Ẹni tó bá ti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ league, union ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ayé. Ó di 1995 kí wọ́n tó ṣí i.

Ọmọ Wales tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí àríwá lọ gbá league mọ̀ pé òun ti dágbére nìyẹn. Fún ọmọ adúláwọ̀, ìdágbére náà kì í fi bẹ́ẹ̀ nira, torí kò sẹ́ni tó ń fà á láṣọ pé kó dúró.

Ọdún 1919 ni wọ́n bí Francis. Brynmawr, ìlú awakùsà kan lórí òkè ní gúúsù Wales, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí Wigan gbà á ní 1936. Eré ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ẹ̀gbẹ́ pápá ni wọ́n sì fi í sí, níbi tó jẹ́ pé bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ rẹ, tìrẹ ni kí o gbé e sá kọjá ìlà àwọn ọ̀tá. Ní 1938, Wigan mú ará Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Harry Sunderland wá ṣe alákòóso. Ní oṣù kìíní 1939, wọ́n ti ta Francis sí Barrow. Àwọn òpìtàn eré náà kò fi bò pé Sunderland kò fẹ́ ẹ, wọn ò sì fi ìdí tí kò fi fẹ́ ẹ bò. Ohun tó wá pani lẹ́rìn-ín ni pé láti 1965, orúkọ Sunderland ni wọ́n fi ń pe àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ta gbogbo èèyàn yọ nínú àṣekágbá líìgì. Ó di 2024 kí wọ́n tó fi orúkọ Rob Burrow, agbábọ́ọ̀lù Leeds tẹ́lẹ̀ tó kú lọ́dún náà, rọ́pò rẹ̀.

Ogun dé lẹ́yìn èyí. Francis wọṣẹ́ ológun, ó di sájẹ́ǹtì, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé lé e lọ́wọ́ ni kó máa kọ́ àwọn ọmọ ogun ní eré ìdárayá. Mo rò pé ibí yìí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ogun kò láǹfààní láti yan ẹni tó wù ú. Ẹni gbọ̀ngbọ̀nràn yóò dé, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn yóò dé, ẹni tí ìbẹ̀rù ti gbé lọ́kàn yóò dé, gbogbo wọn pátá ni o sì gbọ́dọ̀ sọ di ẹni tó lè sáré. Kò sí ẹgbẹ́ rọ́gbì kan láyé ìgbà yẹn tó ń ronú báyìí nípa àwọn ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, ní 1946, ikọ̀ Great Britain múra àtilọ sí Ọsirélíà. Ọkọ̀ ogun ojú omi Indomitable ló gbé wọn lọ, orúkọ rẹ̀ ló sì mọ́ wọn lórí títí dòní. Francis wà lára àwọn tó dára jù ní ipò tirẹ̀ lákòókò náà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò jáde. Òfin Ọsirélíà nígbà náà kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú lórí ilẹ̀ wọn, ohun tí gbogbo èèyàn sì gbà ni pé àwọn tó yan ikọ̀ fi í sílẹ̀ kí wọ́n má bàa múnú bí àwọn onílé. Ní oṣù kejìlá 1947, wọ́n pè é láti bá New Zealand gbá ní pápá Odsal ní Bradford. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó wọ aṣọ Great Britain nínú rọ́gbì líìgì. Ó gba tráì méjì wọlé lọ́jọ́ náà. Wọn ò pè é mọ́.

Láti Barrow ó kọjá sí Warrington, láti Warrington ó dé Hull ní 1949. Hull ni ayé rẹ̀ ti yí padà.

A gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìgbà yẹn ká tó lè mọ ohun tó ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ìgbìmọ̀ ló ń yan ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù. Oníṣòwò ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà, aláparutà ni, ẹlẹ́ran ni. Wọ́n á jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á tò orúkọ 13 sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń pè ní akọ́nimọ̀ọ́gbá, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ ni, tàbí ẹni tó ṣì ń gbá a lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú wọn sáré yí pápá ká lálẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ti iṣẹ́ dé, kó sì gbé kànìnkànìn àti garawa omi tútù dání lọ́jọ́ ìdíje. Bí ẹgbẹ́ bá jáwé olúborí, ìgbìmọ̀ mọ ọmọ yàn. Bí wọ́n bá lù wọ́n, akọ́nimọ̀ọ́gbá ò mọṣẹ́ ni.

Nígbà tí Francis gba iṣẹ́ náà ní Hull ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n kà á sí adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ tó ń gbowó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú eré yòówù kó jẹ́. Ó jókòó ti agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó béèrè ohun tó ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́, ibi tó ti ń dùn ún, ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ìdárayá tó fún gìrìpá iwájú kọ́ ló fún ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ó ní kí gìrìpá náà kọ́ eré sísá bí ẹni tó fẹ́ lọ sí Òlíḿpíìkì, àwọn èèyàn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Ó gba fíìmù àwọn ìdíje, ó ń tan án fún wọn wò lẹ́yìn náà, kí oníkálukú lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tó ti sùn. Lóde òní tí gbogbo ẹgbẹ́ ní ẹni tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà fún irú iṣẹ́ yìí, kò jọni lójú. Ní Hull ní ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, nǹkan àrà ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn ìyàwó. Francis ṣètò ọkọ̀ fún ìyàwó àwọn agbábọ́ọ̀lù kí wọ́n lè máa bá ẹgbẹ́ lọ sí ìdíje. Àwọn kan rò pé àṣejù ni. Ó mọ̀ ní tirẹ̀ pé ọkùnrin tí ìjà ń bẹ nílé rẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé ti fi ìdajì agbára rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó tó dé pápá. Ẹni tí wọ́n ti tà bí ẹrù, tí wọ́n ti fò orúkọ rẹ̀ láìsọ ìdí fún un, mọ bó ṣe ń rí lára kéèyàn wà nínú ẹgbẹ́ tí kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀ tọ́ irú ẹ̀ wò. Ibi tí gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ̀ nìyẹn lójú tèmi, ó sì ju fíìmù lọ.

Ó so èso. Ní àṣekágbá líìgì ọdún 1956, Hull pàdé Halifax ní pápá Maine Road ní Manchester. Halifax ló wà níwájú nígbà tí eré ku díẹ̀ kó parí, kí Colin Hutton tó gbá pẹ́náritì wọlé, ó di 10 sí 9. Ní 1958 Hull tún gba líìgì, wọ́n na Workington Town ní 20 sí 3. Wọ́n dé àṣekágbá ife Challenge ní Wembley ní 1959 àti 1960, wọ́n nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì, ti 1960 sì burú: Wakefield Trinity gbá 38, Hull gbá 5.

Ọ̀rọ̀ Clive Sullivan ti 1961 ló jẹ́ ká rí i dáadáa irú ojú tí Francis ní. Sullivan jẹ́ ọmọ adúláwọ̀ láti Splott ní Cardiff, ológun ni. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un léraléra, ní orúnkún, ní ẹsẹ̀, ní èjìká, àwọn dókítà sì ní kò dájú pé yóò lè rìn dáadáa. Hull pè é kó wá gbá ìdíje ìdánwò kan pẹ̀lú Bramley. Torí òfin union, wọn ò lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé: bí kò bá yege nínú league, union kò ní gbà á padà. Ọ̀gbẹ́ni X ni wọ́n kọ. Ọ̀gbẹ́ni X gba tráì mẹ́ta wọlé, kò sì pẹ́ tí ìwé àdéhùn fi dé ọwọ́ rẹ̀. Ní 1972, Sullivan yìí kan náà ni balógun ikọ̀ Great Britain tó gba ife àgbáyé, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ balógun ikọ̀ orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú eré èyíkéyìí. Àrùn jẹjẹrẹ pa á ní 1985, ọmọ ọdún 42 ni. Ẹni tó bá wakọ̀ wọ Hull láti ìwọ̀ oòrùn lónìí, orí títì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ni yóò gbà.

Johnny Whiteley, tí Francis kọ́ ní Hull, náà di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Òun ló kó Great Britain lọ sí Ọsirélíà ní 1970 tí wọ́n fi gba ife Ashes, èyí tí Great Britain àti Ọsirélíà máa ń du. Láti ìgbà náà, ikọ̀ láti Ìlú Ọba kò tíì gba ife Ashes mọ́. Ní 2025 tí Ashes tún wáyé, Ọsirélíà gbé ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Francis fi Hull sílẹ̀ lọ sí Leeds ní 1963. Bí ẹ bá bi ará Yorkshire tó ti dàgbà léèrè nípa Leeds ìgbà náà, àṣekágbá ife Challenge ti ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 1968 ni yóò kọ́kọ́ ròyìn. Òjò ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí pápá Wembley fi di adágún. Agbábọ́ọ̀lù á ṣubú síbí, á yọ̀ dé ọ̀hún. Èèyàn 87,100 ló wà níbẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú péréte, Leeds ní 11, Wakefield Trinity ní 7. Ken Hirst ti Wakefield tẹ̀lé bọ́ọ̀lù tó ń yọ̀ lórí omi, ó gba tráì wọlé lábẹ́ òpó. Tráì jẹ́ àmì mẹ́ta nígbà náà, ó wá di 11 sí 10. Gbígbá kan ló kù, ó sì níye lórí ju ìyàtọ̀ náà lọ: àmì méjì. Don Fox ni yóò gbá a. Wọ́n ti yan Fox tán pé òun ló dára jù lọ lọ́jọ́ náà. Iwájú òpó gan-an ni bọ́ọ̀lù wà, ibi tí ọmọdé lè ti gbá a wọlé. Fox gbá a, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Leeds gba ife.

Láti ọdún yẹn títí dòní, Fox ni gbogbo ayé ń sọ. Fídíò rẹ̀ wà káàkiri, ibi tó ti kúnlẹ̀ sínú omi. Ẹni tó kọ́ àwọn tó gba ife, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́jọ́ náà, ìwọ̀nba èèyàn ló ń béèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí, wọ́n á ní. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán, torí wọ́n rántí orúkọ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn láyé ìgbà náà.

Lẹ́yìn Wembley, ó kọjá sí Ọsirélíà, ilẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kó tẹ̀ ní 1946. Ẹgbẹ́ North Sydney ló gbà á, ní 1969. Kò rọgbọ fún un níbẹ̀. Sáà méjì ló lò, ó sì padà wálé. Ó tún gba Leeds ní 1974, wọ́n na St Helens ní 26 sí 11 nínú àṣekágbá Premiership ọdún 1975, ó wá ṣe Bradford Northern, ó sinmi. Ó kú ní 1989. Ní 2023 ni Brynmawr gbé ère rẹ̀ dìde.

Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ká rí i pé kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo wọ iṣẹ́ yìí. Ellery Hanley, ọmọ Leeds, kì í ṣe ẹni tí wọ́n fò dá ní tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Man of Steel, ti agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ lọ́dún, ní 1985, 1987 àti 1989. Ní 1994 ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá Great Britain, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó di ipò bẹ́ẹ̀ mú. Ìdíje àkọ́kọ́ pẹ̀lú Ọsirélíà ní Wembley, wọ́n lé Shaun Edwards kúrò ní pápá kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Ènìyàn 12 ló kù, Ọsirélíà sì ni. Jonathan Davies gba tráì kan tó jẹ́ àrímáleèlọ, wọ́n jáwé olúborí ní 8 sí 4. Méjì tó kù, Ọsirélíà gbà wọ́n. Ní 1999 Hanley gba St Helens, ó sì mú wọn gba àṣekágbá Super League, ìyẹn líìgì tó ga jù lọ, lọ́dún náà gan-an, 8 sí 6, lórí Bradford. Láàárín sáà yẹn kan náà ni àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ti ní kó lọ jókòó sílé nítorí ohun tó sọ nípa wọn ní gbangba. Wọ́n pè é padà, ó gba ife, nígbà tó sì fi máa di 2000 wọ́n ní kó máa lọ. Ẹ rí i pé ìgbìmọ̀ àwọn oníṣòwò kò tíì kú. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń jẹ́.

Union tó ti ilẹ̀kùn fún ọgọ́rùn-ún ọdún wá di oníbàárà àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá league báyìí. Shaun Edwards, tí wọ́n lé lọ́jọ́ yẹn ní Wembley, ló kọ́ Wales lẹ́yìn náà bí wọ́n ṣe ń dènà, kó tó kọjá sí France. Andy Farrell, balógun Wigan tẹ́lẹ̀, ló ń darí Ireland, òun ló sì kó ikọ̀ Lions, àpapọ̀ Britain àti Ireland nínú union, lọ sí Ọsirélíà ní 2025 tí wọ́n fi gbé ìdíje méjì nínú mẹ́ta. Ìdènà ni league fi ta union yọ, owó ló sì ń lọ sí ibi tí ìmọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ náà ti kan Èkó pẹ̀lú. Ní oṣù kẹwàá 2019, pápá ìṣeré Teslim Balogun gbàlejò ìdíje rọ́gbì líìgì tí Nàìjíríà, Ghana, Cameroon àti Morocco kópa nínú rẹ̀. Nàìjíríà na Morocco ní 38 sí 10 nínú àṣekágbá. Àwọn tó kọ́ eré náà ní England, tí òbí wọn ti ilẹ̀ yìí lọ, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó dàgbà síbí tó jẹ́ pé union ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni tó mọ league láti kékeré ti mọ̀ pé tí wọ́n bá dá òun mọ́lẹ̀, kóun yára dìde. Ẹni tí union mọ́ lára ń retí kí àwọn ará rẹ̀ wá ṣù bò ó. Ọjọ́ díẹ̀ báyìí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ní láti fi pa wọ́n pọ̀.

Ní England alára, ọ̀nà tí Francis là kò tíì kún fún èrò. Agbábọ́ọ̀lù adúláwọ̀ pọ̀ nínú Super League, àwọn tó wà ní ipò akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà kò tó nǹkan rárá. Ní 2022, nígbà tí Richard Agar fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Leeds, Jamie Jones-Buchanan, tó ti fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà, ni wọ́n ní kó bá wọn di ipò mú. Ó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, títí Rohan Smith fi ti Ọsirélíà dé.